Ta ló dalẹ̀ ta?
Ẹ̀yin kan ní oníjàkadì tó bá kúrò ní AEW lọ sí WWE, iléeṣẹ́ ìjàkadì méjì tó ń bára wọn díje ní Amẹ́ríkà, “dalẹ̀ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀” kẹ̀? Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o. Oníjàkadì Cody Rhodes wà lára àwọn tó dá AEW sílẹ̀ ní 2019, àmọ́ kó tó kúrò níbẹ̀ ní 2022, àwọn òǹwòran AEW fúnra wọn ló ń hó lé e lórí. Ẹ hó lé èèyàn, ó bá tirẹ̀ lọ, ẹ tún ní ó dalẹ̀! Oṣù kẹrin ọdún yẹn náà ló yọ ní WrestleMania 38, eré ìjàkadì tó tóbi jù lọ ní WWE, ní Texas, orin tó fi ń wọlé ní AEW gan-an ló bá wọlé, ariwo sì gba gbogbo pápá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ pé àwọn òǹwòran àtijọ́ ló mọ ìṣòótọ́, ṣé ẹ ti gbàgbé oníjàkadì Hulk Hogan ni? Ó fi WWF (orúkọ tí WWE ń jẹ́ nígbà yẹn) sílẹ̀ ní 1993, ó sì lọ sí WCW, iléeṣẹ́ tó ń bá a díje, ní 1994. Nígbà tó wá yíwà padà di ẹni ibi nínú eré ìjàkadì ní oṣù keje 1996, ìdọ̀tí ni àwọn òǹwòran ń jù sínú ríìngì. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò làwa ń háyà n'Íbàdàn nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa pé iléeṣẹ́ méjì ni WWF àti WCW. Lọ́jọ́ tá a rí Hogan nínú aṣọ dúdú dípò èyí tá a mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ̀gbọ́n mi ní ayédèrú ni, pé oníkásẹ́ẹ̀tì ti lù wá ní jìbìtì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ò fi dá kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún padà.