Ẹ Jẹ́ Kí ISO Gòkè: Èrò Ọkàn Mi Lórí Yíya Bọ́ọ̀lù Lálẹ́

Ẹ̀yin ayafọ́tò ẹlẹgbẹ́ mi, ta ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé ISO, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń sọ fún kámẹ́rà bí yóò ṣe gbé ìmọ́lẹ̀ sókè tó, kò gbọdọ̀ kọjá 1600? Ẹ bá mi wá ẹni náà. Ó jẹ mí ní gbèsè góòlù kan.

Àṣekágbá ni wọ́n ń gbá, lálẹ́, lábẹ́ òpó iná mẹ́rin. Ọ̀mì ni wọ́n ń ta bọ̀, ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn. Wọ́n gbá kọ́nà, ọmọkùnrin kan fò sókè láàárín èrò, ó fi orí kàn án, ó di àwọ̀n. Iwájú mi gan-an ló ti ṣẹlẹ̀, mo sì ti ń tẹ kámẹ́rà kí bọ́ọ̀lù tó kan orí rẹ̀. Mo délé, mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà: orí wà, ojú ò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ dà bí èéfín. Bọ́ọ̀lù gùn bí ẹyin. Kò sí hóró kan ṣoṣo nínú fọ́tò náà o, àwọn tó-tò-tó kéékèèké tí ISO gíga máa ń mú wá, ó mọ́ tónítóní. Ìranù tó mọ́ tónítóní.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo ti ISO mọ́ 1600, kámẹ́rà bá fa shutter, ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, wálẹ̀ sí 1/160 ìṣẹ́jú àáyá kí ìmọ́lẹ̀ lè tó o. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ni 1/160 wà fún. Agbábọ́ọ̀lù tó ń sáré ń fẹ́ 1/1000, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bí iná pápá bá burú, mo lè gbà fún 1/640. Bó bá burú kọjá bẹ́ẹ̀, 1/500, kò sì tún sí ìdúnàádúrà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, àfi tí wọ́n bá fẹ́ gbá pẹnáritì tó jẹ́ pé ojú ẹni tó dúró ti bọ́ọ̀lù ni mò ń yà.

Lẹ́ńsì tó ṣí dé f/2.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin èyí tí ò lè ṣí kọjá f/5.6 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò lẹ́ńsì ṣe ń fẹ̀ tó). Nítorí náà, níbi tí ẹni tó ní lẹ́ńsì ńlá ti ń lo ISO 3200, 12800 ni ti èmi àti ìwọ tí owó wa ò tíì tó o. Ibí yìí ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á rí 12800, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á yára dín shutter kù. Àwọn mìíràn tún gbọ́n ju ìyẹn lọ lójú ara wọn: wọ́n á fi ISO sílẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò dúdú, wọ́n á ní àwọn yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí i nílé. Hóró tí wọ́n ń sá fún yóò kàn tinú òkùnkùn yẹn jáde ni, pàápàá tó bá jẹ́ JPEG, fáìlì tí kámẹ́rà ti fún pọ̀, ni wọ́n fi yà á.

Hóró kì í pa fọ́tò. Nígbà tí a ṣì ń lo fíìmù, àwọn tó ṣáájú wa ń fi fíìmù ISO 800 ya bọ́ọ̀lù alẹ́ bí ẹni pé 1600 tàbí 3200 ni, wọ́n á wá fi kún àkókò tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Fọ́tò ọ̀hún ṣe hóró-hóró bí iyanrìn, ìwé ìròyìn sì ń gbé e jáde. Ọdún 2007 ni Nikon gbé kámẹ́rà D3 jáde tí ISO rẹ̀ dé 6400 láìfipá. Ohun tí wọ́n fojú sọ́nà fún lọ́jọ́ pípẹ́ ti wà nínú àpò wa báyìí, àwa wá ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ iná fúnra rẹ̀, nítorí òun ni ọ̀daràn gidi. Láti ọdún 1878 ni wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ iná mànàmáná ní Bramall Lane ní ìlú Sheffield, ojú èèyàn ni wọ́n sì tan iná náà fún. Ojú èèyàn kì í rí i pé iná ń ṣẹ́jú. Níbi tí iná ìjọba bá ti jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ìyípo àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìyípo kọ̀ọ̀kan sì ń mú kí iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, gílóòbù àtijọ́ ń ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ 60 Hz, nígbà 120. Kámẹ́rà tó wà ní 1/1000 á mú apá díẹ̀ péré nínú ìṣẹ́jú iná yẹn. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò àkọ́kọ́ fi ń mọ́lẹ̀, tí ìkejì ṣókùnkùn, tí ìkẹta pọ́n bí epo, tó sì jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá kan náà lo ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti fìgbà kan gbé kámẹ́rà mi lọ fún àtúnṣe nítorí èyí! Ara rẹ̀ yá gágá. Kámẹ́rà Canon 7D Mark II tó jáde ní 2014 ní ètò kan tó ń dúró de ìgbà tí iná bá mọ́lẹ̀ jù kó tó yà, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló sì ti ní irú rẹ̀ báyìí. Ẹ tàn án. Bí tiyín ò bá ní, ẹ ya RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe rárá, kí ẹ sì ya púpọ̀ léraléra.

Ọ̀run dúdú tó wà lẹ́yìn àwọn agbábọ́ọ̀lù náà tún ń tan kámẹ́rà jẹ. Á rò pé gbogbo ibẹ̀ ló ṣókùnkùn, á wá sun jẹ́sì funfun di ihò lójú fọ́tò. Ọwọ́ ni mo fi ń to kámẹ́rà, ojú èèyàn ni mo sì fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ tètè dé pápá, kí ẹ rìn yí i ká kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Iná pápá kéékèèké kì í dọ́gba: ibì kan á mọ́ rekete níbi tí ìmọ́lẹ̀ òpó méjì ti pàdé, iwájú àwọ̀n á sì ṣú. Mo máa ń kúnlẹ̀ síbi tí mo ti dojú kọ ibi tó mọ́lẹ̀ yẹn, kí n dúró de bọ́ọ̀lù. Góòlù kan tàbí méjì á bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo mọ̀. (Ẹni tó ń tan fíláàṣì sójú aṣọ́lé, ọ̀rọ̀ ìwọ ò sí lẹ́nu mi.)

Èyí tó ń bí mi nínú jù báyìí ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń nu hóró kúrò. Mo ń lò ó díẹ̀díẹ̀, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin, òógùn á gbẹ lójú agbábọ́ọ̀lù, irùngbọ̀n á parẹ́, awọ ara á dán bíi ti bèbí. Ọkùnrin tó ti sáré fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú!

Lọ́dún tó tẹ̀lé góòlù tó bọ́ yẹn, mo ya aṣọ́lé kan ní ISO 12800, ẹnu rẹ̀ là, ìka rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ní ṣóńṣó, hóró kún gbogbo ọ̀run ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí n tẹ̀ ẹ́ ní ńlá fún òun. Nígbà tí màmá gbà á, wọ́n dì í mú, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá bi mí léèrè kan ṣoṣo: ọmọ ta ni èyí tó kọ ẹ̀yìn síbí, tí ò jẹ́ kí wọ́n rí bàtà ọmọ àwọn dáadáa?