Kámẹ́rà tó ń rí ooru, ẹ ṣe sùúrù ná

Ókun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ka ìròyìn yín pé láìpẹ́, graphene (ìpele carbon tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan lọ) máa sọ kámẹ́rà tó ń rí ooru di pọ́ọ́kú, mo ní kí n sọ tèmi láti Kàbà níbí. Nǹkan ọ̀hún jọni lójú lóòótọ́, sẹ́lótéèpù lásán ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Geim àti Novoselov, fi bó o lára graphite ní Manchester lọ́dún 2004, graphite inú pẹ́ńsù yẹn náà ni o, títí ó fi ku ìpele kan ṣoṣo, wọ́n sì gba Nobel lé e ní 2010. Àmọ́ ìpele kan yẹn, nínú ìmọ́lẹ̀ 100 tó bá bà á, bíi 2.3 péré ló ń mú, ìyókù á kọjá lọ ni, kí ló wá fẹ́ fi rí? Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pò ó mọ́ nǹkan míì. Black phosphorus, irú phosphorus kan tó dúdú tí wọ́n tún ń dán wò, ló wù mí jù, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ló ń bà á jẹ́, bí iṣu tí wọ́n bó tí wọn ò tètè sè.

Èyí tó lágbára jù nínú ohun tí kámẹ́rà fi ń rí ooru báyìí, tó ní mercury nínú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìgbà tí ẹ bá fi òtútù dé -196°C kó tó ríran dáadáa. Ta ló fẹ́ gbé firíìjì wọgbó Yàgbà? Àwọn ọdẹ wa tó ń ṣọ́ oko lóru, tọ́ọ̀ṣì orí ni wọ́n ń tàn, ẹni tí wọ́n ń wá á ti rí wọn kí wọ́n tó rí i, àwọn gan-an ni mo fẹ́ kó kàn. Torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé kọ "láìpẹ́", eléló ni?