Ohun tó ń ṣe Abóyadé: ọ̀rọ̀ òógùn àti ojú gbígbóná níbi iṣẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn àgbà ní ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Abóyadé jókòó sínú yàrá ẹ̀, ó rò pé òun nìkan ni nǹkan ń dà láàmú, kò mọ̀ pé ẹni tó wà ní yàrá kejì náà ń bá a yí, kálukú ṣáà panu mọ́. Òógùn ló jẹ́ kí n mú òwe yìí wá o. Kì í ṣe òógùn ẹni tó ń gúnyán, èyí tó máa ń bo èèyàn nígbà tí ọ̀gá bá ní "ó yá, dìde kó o sọ̀rọ̀" ni mò ń wí, àtẹ́lẹwọ́ á rin gbingbin, abíyá á rin, ojú àti etí á máa gbóná bí ẹni dáná sí i.

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí mo lọ ṣe intafíù ní ọ́fíìsì kan nítòsí Ọláìyá níbí l'Óṣogbo, wọ́n ní kí n kọ orúkọ mi sínú fọ́ọ̀mù, kí n tó kọ ọ́ tán bébà ti rin, íńkì ti ràn, àwọn mẹ́ta tó jókòó síwájú mi ń wo ọwọ́ mi, fáànù ò sì yí torí wọ́n ti múná lọ. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé kí ló dé tí mò ń làágùn bí ẹni tó jalè. Mi ò ríṣẹ́ yẹn. Ó lé lọ́dún kan tí mi ò fi lè bọ èèyàn lọ́wọ́ mọ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé iṣan tó ń jẹ́ kí àyà èèyàn já tí ẹ̀rù bá bà á náà ló ń pàṣẹ fún òógùn. Orísun òógùn tó wà lára èèyàn kan tó mílíọ̀nù 2 sí 4, wọ́n sì pọ̀ gan-an ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Lára àwọn kan àṣẹ yẹn máa ń pọ̀ jù, àwọn dókítà ń pè é ní hyperhidrosis, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré tàbí ìgbà ọ̀dọ́, ọwọ́ méjèèjì ló máa ń mú, tí èèyàn bá sì ti sùn ó máa ń dáwọ́ dúró. Kì í ṣe pé ayé ń ṣe yín, kì í sì ṣe ìwà ojo.

Ti ojú tó ń gbóná, ẹ̀jẹ̀ ló ń sáré wá síbẹ̀. Ẹ gbọ́ eléyìí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúdú bíi tèmi: ooru tẹ́ ẹ ń gbọ́ lójú yẹn, ẹni tó wà níwájú yín kì í sábà rí i rárá. Àwọn apọ́nbéporẹ́ ló lè hàn lára wọn. Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ́ ọ, ẹ wá rò pé gbogbo ayé ń wò ó, ìbẹ̀rù pé wọ́n á rí i yẹn ló tún ń fa òmíràn wá.

Nítorí náà mo dẹ́kun fífi pamọ́. Mo kàn máa ń sọ ọ́ ni, "ẹ má bínú, ọwọ́ mi máa ń làágùn," mo nù ún, ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó ya èmi gan-an lẹ́nu bí ara ṣe ń balẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti sọ ọ́. Tó bá sì jẹ́ àgbà lẹ fẹ́ kí, ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, ta ló ń béèrè ọwọ́ lọ́wọ́ ẹni tó dọ̀bálẹ̀?

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹ wá antiperspirant, ìyẹn ohun ìpara tó ń dá òógùn dúró, tí wọ́n kọ aluminium chloride sí lára, torí deodorant lásán, òórùn ló ń bá jà, kò dá òógùn dúró. Alẹ́ ni kẹ́ ẹ fi í, kí ara gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó fi í, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ kúrò láàárọ̀, tó bá ń ta yín ẹ dín in kù. Lọ́jọ́ ìpàdé ẹ má jẹ ata púpọ̀, ẹ tètè dé kẹ́ ẹ jókòó kára tutù, ẹ má gun ọ̀kadà láti Òkè Baálẹ̀ kẹ́ ẹ wá sáré wọlé. Aṣọ òwú ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ìlú aró la wà, àdìrẹ dúdú kì í jẹ́ kí òógùn hàn, àmọ́ ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ torí tuntun máa ń ṣí, ó lè ba ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì jẹ́.

Tí èyí ò bá tó, ẹ lọ rí dókítà awọ ara. Oògùn wà, abẹ́rẹ́ Botox wà, ẹ̀rọ wà tí wọ́n ń ti ọwọ́ bọ inú omi tí iná díẹ̀díẹ̀ ń gbà kọjá. Iṣẹ́ abẹ náà wà, àmọ́ òógùn lè kúrò lọ́wọ́ kó bọ́ sẹ́yìn àti ikùn, torí ẹ̀ ìyẹn ló gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òru ló ń rin bẹ́ẹ̀dì yín, tẹ́ ẹ ń rù, tẹ́ ẹ ń wúkọ́, tàbí ó kàn bẹ̀rẹ̀ lójijì tọ́wọ́ ń gbọ̀n, ìyẹn kì í ṣe ti Abóyadé mọ́ o, ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí àìsàn thyroid, ìyẹn ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, ẹ tètè lọ sọ́sibítù.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́nì kan bá ń làágùn níwájú yín ẹ gbé omi fún un, ẹ máa bá ìbéèrè yín lọ.

Òógùn ọwọ́ yìí máa ń wà nínú ìdílé. Olùkọ́ ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, láti kékeré ni mo ti ń rí i tó máa ń tẹ́ bébà kan sábẹ́ ọwọ́ tó bá ń kọ rẹ́jísítà, mo rò pé ìmọ́tótó ni. Ọdún tó kọjá ni mo sọ tèmi fún un, bàbá ò fèsì, wọ́n kàn na àtẹ́lẹwọ́ wọn sí mi, mo fọwọ́ kàn án, ó rin gbingbin.