Ariwo Olówó Gọbọi

Bí ẹ bá ń kọjá l'Ókè-Àjé, n'Íjẹ̀bú-Òde, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí ẹ gbọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù àlòkù lórí kọnkéré, ẹ má sáré o. Orin ni. Ọmọ ìyá onígàrí kan ló ń ta gìtá.

Èkó ló ti lọ kó o; 'drone metal' ni wọ́n ń pè é, orin gìtá tó ń fa ohùn kan ṣoṣo gùn. Nígbà tó lọ, fújì ló ń gbọ́ bíi gbogbo wa. Nígbà tó dé, dúdú ni gbogbo aṣọ rẹ̀, nínú oòrùn tó ń yọ́ ọ̀dà títì. Wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ olórin kan sí àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó rí bíi gbòǹgbò igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú. Mo ní kó bá mi kà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n." Mo wojú rẹ̀ dáadáa: òun náà ò mọ̀ ọ́n kà.

Báyìí, wọ́n ti di mẹ́fà. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń ṣe é, èmi náà sì lọ jókòó lọ́jọ́ kan. Ó ta okùn kan ṣoṣo, ó dúró. Ohùn ń hó. Ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ àpótí kékeré kan tí kò ju páálí ṣúgà lọ, ohùn tó dáa tẹ́lẹ̀ sì bàjẹ́, ó ń ya bí aṣọ. Inú wọn dùn. Bíbàjẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, okùn kan náà ni. Wọ́n dijú, wọ́n ń mi orí bí alángbá tó já láti orí ìrókò. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ní orin náà ń pa òun lẹ́kún. Mo gbà á gbọ́. Omi ti ń lé ròrò lójú èmi náà.

Mo béèrè iye àpótí yẹn. Àpò gàrí mẹ́ta, nínú gàrí ìyá rẹ̀, ò lè rà á.

Kì í ṣe pé orin náà ò ní baba o. Ní Birmingham, ìlú oníṣẹ́ irin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ gé orí ìka méjì lọ́wọ́ Tony Iommi, onígìtá ẹgbẹ́ olórin Black Sabbath, níbi iṣẹ́. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ, ó fi ṣe ìdérí fún ìka náà. Nígbà tó yá, ó dẹ okùn gìtá rẹ̀ kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ohùn bá wúwo. Lọ́dún 1970 ni àwo àkọ́kọ́ tí Black Sabbath ṣe jáde. Ẹni tí irin jẹ lọ́wọ́ ló ń ké. Kí ló jẹ tiwa lọ́wọ́? Ọwọ́ rẹ̀ múná, ó tún fi òróró pa á.

Ọmọ ìyá onígàrí gbọ́ pé Sunn O))), ẹgbẹ́ olórin kan ní Amẹ́ríkà, máa ń wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ onífìlà, tí wọ́n á fi èéfín bo ara wọn bí Egúngún. Òun náà dá tirẹ̀. Alẹ́ tó kọ́kọ́ gbé e jáde, ọdẹ àdúgbò ló lé e wọlé.

Ohun tó bí mi nínú ni pé ọmọ yìí kan náà ló ń bú ìyáàlù. Ó ní ṣaworo tí wọ́n so mọ́ etí ìlù ń da ohùn awọ rú. Àpàlà Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ní ariwo ni. Ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n tún ń gbèrò láti ṣeré lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Mi ò bẹ̀rù fún ẹnikẹ́ni, àfi àwọn tó máa wà lórí ẹṣin.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ẹlẹ́rọ, ẹni tó ń bá wa lọ ata, láti gba ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé Luigi Russolo, ará Ítálì kan, ti kọ ọ́ lọ́dún 1913 pé ó yẹ kí ariwo ẹ̀rọ di orin. Bàbá pa ẹ̀rọ.

"Ta ló ń ra epo fún un?"

Wọ́n ní Bàbá ò yé àwọn. Wọ́n ní híhan tó ń han yẹn ló wù àwọn jù.

"Bẹ́líìtì tó fẹ́ já nìyẹn. Lọ́la ni mo máa pààrọ̀ rẹ̀."

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó má pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá wò wọ́n, ó dárúkọ iye kan, wọ́n sì dá a. Ó tan ẹ̀rọ padà.

Ìyá onígàrí ti gbé abọ́ tàtàṣé dúró lẹ́yìn wọn látàárọ̀.

"Bàbá, tí orin bá ti parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ ata mi."