QEMU kì í ṣe àtìmọ́lé, ògbufọ̀ ni

Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Àgọ́-Ìwòyè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, inú QEMU ni mo ti ṣí i, kò lè ba nǹkan jẹ́." QEMU ni ètò tó ń mú kí ètò tí wọ́n kọ fún irú ṣíìpù kan ṣiṣẹ́ lórí òmíràn. Ètò Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń lo ṣíìpù ARM, ni wọ́n ń sọ, tí wọ́n fi qemu-aarch64, ẹ̀yà QEMU tó ń ṣí ètò ARM kan ṣoṣo, ṣí lórí láptọ́ọ̀pù Intel. Wọ́n gbà pé kọ̀ǹpútà mìíràn ti wà nínú tiwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí, torí iṣẹ́ oníṣẹ́ wà lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù wọ̀nyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ní àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá wá ra gàrí ní ọjà Òkè-Àjẹ̀, tí ògbufọ̀ ń bá a sọ ọ́. Owó tó yọ sílẹ̀, owó gidi ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni QEMU yìí. Ó ń túmọ̀ àṣẹ ARM sí ti Intel, ṣùgbọ́n bí ètò bá ké pe kernel, olórí ètò tó ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà, kernel láptọ́ọ̀pù yín gan-an ló ń dáhùn. Nọ́ńbà 64 ni write, ìpè tí ètò fi ń kọ nǹkan sínú fáìlì, lórí ARM64. 1 ni lórí x86-64, ìyẹn Intel. QEMU á pààrọ̀ nọ́ńbà náà, á fi lé kernel lọ́wọ́. Bí ètò bá ní kí wọ́n pa fáìlì kan rẹ́ nínú fódà ilé yín, fáìlì ti lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ signal, iṣẹ́ kúkúrú oní-nọ́ńbà tí kernel ń jẹ́ fún ètò, ló hàn jù. SIGUSR1, ọ̀kan nínú wọn, jẹ́ 16 lórí MIPS, irú ṣíìpù mìíràn, ó jẹ́ 10 lórí Intel. 10 ti MIPS sì rèé, SIGBUS ni, signal mìíràn pátápátá. Bí ètò MIPS bá rán 16 sí ètò mìíràn tó wà níta, QEMU á sọ ọ́ di 10, á sì débẹ̀ láìṣìnà. PID, nọ́ńbà tí kernel fi ń dá ètò kọ̀ọ̀kan mọ̀, tí ètò náà ń rí, PID gidi ni, òun náà lẹ máa rí tí ẹ bá tẹ ps, àṣẹ tó ń to àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́. Bó bá fi SIGKILL, signal tó ń pa ètò, ránṣẹ́ sí bùráúsà yín, bùráúsà kú.

Signal tó ń bọ̀ láti ìta, ọwọ́ QEMU ló kọ́kọ́ ń bà. Kò lè jù ú sí ètò lójú ẹsẹ̀, torí iṣẹ́ lè wà láàárín méjì. Á tọ́jú rẹ̀ títí abala kóòdù tó wà lọ́wọ́ á fi parí. Ibi tó ta kókó ni kí signal bọ́ sáàárín ìgbà tí QEMU wò ó pé kò sí nǹkan, àti ìgbà tó wọ kernel. Read, ìpè tó ń dúró de ohun tó máa kà, á sùn lọ, signal á wà nílẹ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n fi kóòdù kékeré kan ní èdè assembly, tó sún mọ́ ti ṣíìpù jù lọ, tún un ṣe: bí signal bá dé kí wọ́n tó wọlé, QEMU á fà sẹ́yìn, á jẹ́ iṣẹ́ signal ná, kó tó tún ké pe kernel. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wú mi lórí gidigidi ni. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ lè débi tí wọ́n rán an ni wọ́n ṣe ṣe gbogbo làálàá yìí.

Àwọn kan gbára lé -L, àmì kan tí a ń kọ mọ́ àṣẹ QEMU. Ibi tí QEMU á ti wá láíbìrì ètò náà nìyẹn ń tọ́ka sí, kò ti ilẹ̀kùn kankan.

Ètò tí ẹ ò bá mọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ ṣí i lórí Raspberry Pi tí fáìlì yín kò sí lórí rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ lo qemu-system-aarch64, tó ní kernel àti díìsìkì tirẹ̀, kí ẹ má sì so fódà ilé yín mọ́ ọn.