Èsì wa sí ẹni tó fún wa ní ìràwọ̀ kan nítorí isopropyl myristate

Màdámù, a dúpẹ́ pé ẹ wá àyè kọ̀wé. Ẹ ní ayédèrú ni isopropyl myristate tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, torí pé nígbà tí ẹ dà á mọ́ lọ́fínńdà olómi tí ẹ ń pò nílé, ṣe ni òróró léfòó. Ẹ tún ní ọjà náà pẹ́ lọ́nà. Ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Ọ̀rọ̀ ayédèrú ni a kò lè gbójú fò, nítorí àwọn mìíràn yóò kà á.

Òróró ni isopropyl myristate. Ẹ́sítà ni: myristic acid, ásíìdì ọ̀rá kan tó wà nínú àdín àti òróró àgbọn, ni wọ́n pò mọ́ isopropyl alcohol títí àwọn méjèèjì fi so pọ̀, tí omi sì jáde lára wọn. Ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́, tó ń tètè wọ awọ ara, tí kì í sì í jẹ́ kí ìpara ki jù. Ṣùgbọ́n òun àti omi kì í rẹ́. Lítà kan rẹ̀ wọ̀n tó nǹkan bíi 850 gíráàmù péré, nítorí náà òkè omi ló máa wà, bí epo ṣe ń wà lójú ọbẹ̀. Bí ó bá rì ni kí ẹ pè é ní ayédèrú.

Polysorbate 20 ni iṣẹ́ yín ń fẹ́, ìyẹn èyí tó ki, tó sì ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ́sítà ni òun náà, lauric acid tó pọ̀ jù lọ nínú àdín sì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é, àmọ́ wọ́n ti so ẹ̀ka tó fẹ́ràn omi mọ́ ọn: apá kan di òróró mú, apá kejì di omi mú, òróró á sì pín sí wẹ́wẹ́ débi pé ojú kò ní rí i mọ́. Ẹ kọ́kọ́ po òróró olóòórùn dídùn yín mọ́ ọn nínú ife gbígbẹ, gíráàmù 1 òróró sí gíráàmù 4 polysorbate fún ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó máa kán omi sí i díẹ̀díẹ̀, tí ẹ ó sì máa rò ó. Bí kò bá mọ́ gaara, polysorbate kò tíì tó. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ti pọ̀ jù. Ẹ má gbàgbé èròjà tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, torí omi wà níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń dáhùn WhatsApp wa, tó kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́místírì, béèrè lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ìdáhùn yín, tó ṣì wà lórí fóònù wa, ni pé kí ó ṣáà tà á, ẹ mọ̀ ọ́n lò. Síbẹ̀, ó kọ ọ́ sẹ́yìn rísíìtì yín pé kò gbọdọ̀ kan omi.

A kì í dá owó ìgò tí wọ́n ti ṣí padà. A ó fún yín ní polysorbate 20 mìlílítà 50 lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹ bá lè san owó ọkọ̀ rẹ̀. Èyí tó kù lọ́wọ́ yín dára láti pò mọ́ òrí. Nígbà tí ẹ bá ráyè, ẹ yí rísíìtì náà padà.