Ọjọ́ A Bá Kú Là Ń Dère: Ìrántí Tolúlọpẹ́ Arótilé, Awakọ̀ Hẹlikóputà Ológun

Àwọn àgbà ní, "Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè." Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lè rò pé àwọn àgbà kàn fi ń tu òkú nínú ni, pé bó pẹ́ bó yá, aráyé á padà sọ rere nípa olúkúlùkù. Èmi kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìbáwí ni mo gbọ́ níbẹ̀, àwa tí a wà láyé ló sì ń bá wí.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Ọ̀wọ̀ á rántí àkó. Láyé ọjọ́un, bí ẹni ńlá bá kú níbẹ̀, tí wọ́n sin ín tán, àwọn ọmọ rẹ̀ a tún ní kí wọ́n gbẹ́ ère tó ga tó olóògbé, tó sì jọ ọ́ lójú àti nímú. Wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ olówó iyebíye, wọ́n á gbé e yí ìlú ká kí tọmọdé tàgbà lè wò ó, lẹ́yìn náà ni wọn á sin ère ọ̀hún bí ẹni sin èèyàn. Ohun ẹ̀yẹ ni, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n mo máa ń bi ara mi léèrè pé, nígbà tí ẹni náà ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kọjá lójú pópó, ṣé ẹnìkan tilẹ̀ dúró wò ó?

Òwe yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí wọ́n bá ti dárúkọ Tolúlọpẹ́ Arótilé, ọmọ Iffe ní Ìjùmú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ọmọ Yorùbá Okun. Oṣù Keje ọdún 2020 ni èmi kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó sì ti kú kí n tó gbọ́ ọ. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni wọ́n ti so àmì ìyẹ́ mọ́ ọn láyà, gẹ́gẹ́ bí obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò máa wa hẹlikóputà ìjà fún ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà, láti ọdún 1964 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje ni ó kú. Oṣù mẹ́sàn-án dín ọjọ́ kan ni a fi ní i láàárín wa pẹ̀lú ìyẹ́ yẹn láyà, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ̀ pé ó wà.

Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá ọdún 1995. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn ọmọ ogun òfurufú ló lọ níbẹ̀, tiwọn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ girama tó jáde ní 2011. Ní 2012 ó wọ NDA, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun. Ọdún kan péré ṣáájú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀ fún obìnrin láti wá kọ́ṣẹ́ ogun jíjà, nítorí náà ẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn kò pọ̀. Ìmọ̀ ìṣirò ló fi gboyè. Ní 2017 ó di ọ̀gá ológun, wọ́n sì rán an lọ sí Gúúsù Áfíríkà láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa hẹlikóputà, lẹ́yìn náà ó tún lọ sí Ítálì nítorí Agusta 109 Power, hẹlikóputà tuntun tí Nàìjíríà rà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ náà, nítorí ẹni tí a kò bá mọ ohun tó ṣe, òfìfo ni ìyìn tí a ń yìn ín. Bàálù tó ní apá, bí ó bá ti sáré tó, atẹ́gùn á gbé apá rẹ̀, á sì máa lọ. Hẹlikóputà kò ní irú apá bẹ́ẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lórí rẹ̀ ló gbé e ró. Ọwọ́ òsì awakọ̀ wà lórí irin kan tó ń mú un gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá kan mú tó ń darí rẹ̀ síwájú, sẹ́yìn àti sí ẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì sì wà lórí ohun tó ń darí abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà nídìí rẹ̀, èyí tí kò jẹ́ kí gbogbo ara rẹ̀ máa pòòyì. Bí ọwọ́ òsì bá fà á sókè, imú rẹ̀ á fẹ́ yí, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a padà; bí ẹsẹ̀ bá sì ti ṣe tirẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún tún ní láti ṣàtúnṣe. Kí ó dúró sójú kan lófurufú, tí kò lọ tí kò bọ̀, ìyẹn gan-an ló máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní wàhálà jù.

Ẹni tó jọ awakọ̀ yìí jù lójú mi ni onígángan, tí ọwọ́ kan ń lù ú, tí apá kejì ń fún ọṣán, tí etí ń gbọ́ orin, tí ojú sì ń wo ẹni tó ń jó. Ṣùgbọ́n bí onígángan bá ṣì í lù, ohùn ìlù nìkan ló bàjẹ́. Awakọ̀ hẹlikóputà ìjà ń ṣe gbogbo èyí nítòsí ilẹ̀, níbi tí ìbọn ti lè bá a. Iṣẹ́ tí Tolúlọpẹ́ ń ṣe nìyẹn lábẹ́ ìkọlù tí wọ́n pè ní GAMA AIKI, èyí tó túmọ̀ sí "parí iṣẹ́" lédè Haúsá. Mínná ní Ìpínlẹ̀ Niger ni ibùdó wọn, àwọn agbébọn tó ń dààmú àwọn ará abúlé ni wọ́n sì ń lé. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Àgbẹ̀ kan lè ti sun oorun àsùnwọra lálẹ́ ọjọ́ kan kí ó má sì mọ̀ láéláé pé ọmọbìnrin kan láti Ìjùmú wà lára àwọn tó jẹ́ kí ó rí oorun sùn.

Nípa ikú rẹ̀, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú sọ pé nínú bárékè wọn ní Kàdúná ni, pé ẹni tí wọ́n jọ lọ ilé-ẹ̀kọ́ girama rí i lójú ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn, ó fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn kí ó lè kí i, ọkọ̀ sì gbá a. Ìbọn àwọn agbébọn kò rí i mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, ẹ dákun, ẹ wo ẹ̀yìn yín dáadáa kí ẹ tó fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, àní nínú ọgbà ilé yín.

Nígbà tó kú tán ni a wá gbẹ́ ère. Àwòrán rẹ̀ gba gbogbo ìwé ìròyìn. Wọ́n sin ín pẹ̀lú ẹ̀yẹ ológun ní itẹ́ òkú àwọn ológun ní Àbújá, ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Keje. Ẹ̀yẹ náà tọ́ sí i. Ohun tó dùn mí ni pé bí mo bá béèrè lọ́wọ́ èèyàn lónìí, bí ó ṣe kú ni wọ́n á sọ fún mi. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló lè sọ iṣẹ́ tó ṣe. Ó yẹ kí a yí ìyẹn padà. Bí a bá ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti pápá Eagle Square ní Àbújá, ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ọdún 2020, níbi tó ti dúró níwájú Ààrẹ Buhari tó ń ṣàlàyé hẹlikóputà tuntun náà fún un.

Àwọn àgbà tó pa òwe ère yìí ló tún sọ pé, "Yinniyinni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn." Ẹni tó bá wà láàyè nìkan ló lè ṣe òmíràn. Ọjọ́ kan náà tí wọ́n so ìyẹ́ mọ́ Tolúlọpẹ́ láyà ni wọ́n so ó mọ́ Kafayat Sanni, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò máa wa bàálù ìjà ní Nàìjíríà. Mélòó nínú wa ló mọ orúkọ yẹn? Àwọn kan á ní ìyìn a máa ba ọmọ jẹ́. Èmi kò gbà. Ṣebí àwọn ìyá wa ló ń fi oríkì jí wa láàárọ̀, kí a tó wẹ̀, kí a tó ṣe iṣẹ́ kankan, tí orí wa á wú, tí a á sì gbéra.

Mo ní àbúrò kan tó jẹ́ ológun ní apá àríwá. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí òwe yìí, mo pè é lálẹ́. Mo ní, "Mo kàn ní kí n sọ fún ọ pé iṣẹ́ tí ò ń ṣe wú mi lórí. O ṣeun." Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé ìpè ti já.

Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kú?"